Irin Kì í Fi Òùngbẹ Jáde

"Ta ló rọ èyí?"

Oyèdélé ju irin kékeré náà sílẹ̀ níwájú ilé àgbẹ̀dẹ. Ó ti kán sí méjì. Ètè ọkùnrin náà bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ti ta sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn géńdé ń ti ọkọ̀ pupa rẹ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ Màpó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti tẹ̀ wọnú bí agolo tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Fàsásì jáde láti inú àgbẹ̀dẹ, ó ń fi aṣọ nu epo dúdú lọ́wọ́. "Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Mi ò bi ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Mo ní ta ló rọ irin yìí?"

Oyèdélé kéré sí Fàsásì dáadáa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ń ra kòkó, òun fúnra rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé ni. Gbogbo ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, "ìwọ" ló ń pè é.

Àtọ́kẹ́, ìyàwó Fàsásì, jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Nígbà tó rí irin tó kán, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ọkọ̀ eré ìje ni ọkọ̀ Oyèdélé. Ní ìdí rẹ̀, ọ̀pá irin gbọọrọ kan dábùú láti ẹsẹ̀ ọ̀tún dé ẹsẹ̀ òsì. Òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì bó bá ń fi eré yí kọ́nà. Irin kékeré méjì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní línkì, ló so ọ̀pá náà mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àwọn línkì tó bá ọkọ̀ dé láti òkè òkun tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ti ń tẹ̀. Fàsásì ló ní òun lè rọ èyí tó ki jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ara sípíríìngì lọ́rì àtijọ́. Ó rọ ọ́, ó dè é sábẹ́ ọkọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó gbé irin náà padà wá yìí ni Oyèdélé gbé ọkọ̀ gun Màpó láti dán an wò. Bó ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ sí Bẹẹrẹ, línkì kan kán, ìdí ọkọ̀ sì gba ibi tó wù ú lọ.

"Ògiri ló gbà mí," ni Oyèdélé wí. "Bí kò bá sí ògiri ni, àárín àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ni mi ò bá wọ̀."

Baba Màmúdù jáde síta. Òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá Fàsásì, òun sì ni olórí àgbẹ̀dẹ láti ìgbà tí bàbá Fàsásì ti kú. Ó ní kí wọ́n mú irin náà wá. Fàsásì ṣà á nílẹ̀, ó wo ojú ibi tó ti kán kó tó gbé e fún un. Ojú ibẹ̀ ń dán wínníwínní bí iyọ̀. Fàsásì mọ ohun tó fà á. Àtọ́kẹ́ náà mọ̀.

Baba Màmúdù yí irin náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Irin ò ṣe nǹkan kan," ló wí. "Èèwọ̀ ló jà."

"Èèwọ̀ wo, Baba?"

"Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé àgbẹ̀dẹ. Lọ́jọ́ tí a rọ irin yìí, ìyàwó yẹn wọlé." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí Àtọ́kẹ́.

Oyèdélé wo Àtọ́kẹ́. Àwọn géńdé tó ti ọkọ̀ bọ̀ náà wò ó. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ṣé ó kírun lọ́jọ́ náà ni? Gbogbo agbo ilé ń ṣàlùwàlá, òun jókòó gẹlẹtẹ. Oṣooṣù là ń rí i. Láti ìgbà tí a ti gbé e wọlé, kò tíì fo ẹyọ kan rí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn géńdé, àwọn yòókù sì bá a rẹ́rìn-ín. Àtọ́kẹ́ kò gbé ojú sókè. Ó ń wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó ń dúró. Gbólóhùn kan péré ló kù kí Fàsásì sọ.

Fàsásì kọjú sí Oyèdélé. "Ọ̀gá, ẹ má bínú," ló wí. "Mà á rọ òmíràn."

Ètè Oyèdélé ń ro ó, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín. "Lókè òkun, wọ́n kọ́ mi pé ìpẹtà ń ba irin jẹ́. Wọn ò kọ́ mi ní ti nǹkan oṣù." Ó yíjú sí Fàsásì. "Ọjọ́ Sátidé leré. Ẹni méjì méjì ló ń jókòó nínú ọkọ̀, ẹni tó ń wà á àti mẹkáníìkì rẹ̀. Ìwọ lo máa jókòó tì mí. Bó bá kán, a jọ máa kán ni."

Ó ti ń lọ kó tó tún bojú wẹ̀yìn. "Ìwọ ìyàwó, jọ̀wọ́, bá wa so tìẹ rọ̀ di ọjọ́ Àìkú."

Ẹ̀rín ti ìgbà yìí pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Baba Màmúdù pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí irin náà kò lọ́jú pọ̀. Lọ́jọ́ tí Fàsásì rọ àwọn línkì náà tán, ó sọ fún Baba Màmúdù, Àtọ́kẹ́ sì ń gbọ́ láti ibi tó ti ń gbá ìta. Ó ní, "Baba, èyí kì í ṣe ọkọ́, kì í ṣe àdá. Ọkọ́ ń fẹ́ kí ẹnu òun le. Èyí ń fẹ́ kó lè jẹ ìyà kó má kán. Omi ló ń mú irin le, irin tó bá sì le jù ló ń kán. Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ẹ sínú eérú, kó tutù fúnra rẹ̀." Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Èkó ló ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fàsásì lọ ra bóòtù àti nọ́ọ̀tù ní Bẹẹrẹ, Baba kó irin náà padà sínú iná títí ó fi pọ́n, ó sì pe Àtọ́kẹ́.

"Ìyàwó, bu omi sí ìkòkò."

Ìkòkò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ dé ọrùn. Bàbá Baba Màmúdù ló gbé e síbẹ̀. Gbogbo irin tí wọ́n bá rọ nínú ilé náà, ìbáà ṣe ọkọ́, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́, inú rẹ̀ ló ti ń mu omi kó tó jáde. Àtọ́kẹ́ mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n ta ni ìyàwó ilé tí yóò bi bàbá ọkọ rẹ̀ léèrè ìdí? Ó bu omi sí i. Baba fi ẹ̀mú gbé irin pupa náà, ó tì í bọ inú ìkòkò, èéfín funfun bo ojú gbogbo wọn.

"Irin kì í fi òùngbẹ jáde nílé wa," ni Baba wí.

Nígbà tí Fàsásì dé, ó gbé irin náà yẹ̀ wò. "Ó mumi ni, Baba?"

"Ó mumi. Irin bàbá rẹ náà mumi."

Fàsásì mú sípánà, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Èyí ló wà lọ́kàn Àtọ́kẹ́ nígbà tó gbé ẹ̀kọ fún ọkọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí irin kán. Ó kúnlẹ̀ gbé e sílẹ̀, kò dìde.

"Ẹ ò sọ nǹkan kan," ló wí.

"Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

"Omi."

"Kí n dúró lójú Oyèdélé, kí n ní Baba tó tọ́ mi dàgbà ò mọṣẹ́?"

"Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n máa ka oṣù mi lójú títì."

Fàsásì ń ṣí ewé ẹ̀kọ. "Ta ló da omi sí ìkòkò? Ṣé èmi ni?"

Fàsásì jẹun díẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan. "Baba ní bí a bá ti ti ibi eré ìje dé, wọ́n á fẹ́ ọmọ àbúrò ìyàwó wọn, Ìyá Kúlúsúmù, fún mi. Mo ní kí n sọ fún ọ, kó o má baà gbọ́ ọ lójúde."

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ fún mi."

"Má fi ohùn yẹn bá mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ó jókòó nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

"Mo mọ̀."

"Bí Baba bá tún fún un lómi ńkọ́?"

Fàsásì bu ẹ̀kọ, kò gbé e dé ẹnu. Ó dá a padà sínú ewé. "Ọlọ́run á ṣọ́ mi," ló wí, ó sì dìde.

Àtọ́kẹ́ jókòó ti oúnjẹ náà. Ó ti yé e pé ó tẹ́ ọkọ òun lọ́rùn kó kú sínú ọkọ̀ Oyèdélé ju kó sọ ọ̀rọ̀ kan lójú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n tún tan iná. Oyèdélé gbé àga síta, ó jókòó, ó fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ọkọ̀ pupa náà wà lórí ìtì igi, ìdí rẹ̀ lókè. Fàsásì ti ṣe gbogbo ohun tó mọ̀ sí i: ó ti ní kí wẹ́dà jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ibi tí línkì ti máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, kó nípọn ní ìlọ́po méjì, ó ti gé rọ́bà láti ara táyà lọ́rì, èyí tí yóò wọ ojú ihò línkì kí irin má baà máa jẹ irin. Línkì tuntun méjèèjì ló kù, wọ́n wà nínú iná.

Baba Màmúdù ní àfi kí wọ́n fọ ìkòkò náà mọ́ nítorí ohun tí obìnrin ti fi bà á jẹ́. Ó gbọ́n omi àtijọ́ nù, ó fi ewé fọ inú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n pọn omi tuntun wá. Wọ́n wá ẹni tí yóò pọn ọ́n. Orúnkún ń dun Ìyá Kúlúsúmù, ìyàwó Baba.

"Kí Àtọ́kẹ́ lọ," ni Baba wí. "Orí rẹ̀ ò sí nínú èèwọ̀. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, kó sọ̀ ọ́, kó yà."

"Ìyàwó," ni Ìyá Kúlúsúmù wí láti orí ẹní rẹ̀, "ṣé o ti parí ti oṣù yìí, àbí ká dúró dè ọ́?"

"Mo ti parí, mà."

"A kú oríire."

Níbi ẹ̀rọ omi, ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Bó ti tò sẹ́yìn obìnrin kan, obìnrin náà fa korobá rẹ̀ mọ́ra. "Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kan tèmi," ló wí. "Tuntun ni, mi ò fẹ́ kó kán." Àwọn tó kù fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Àtọ́kẹ́ pọn omi tirẹ̀, ó ru ú.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, àwọn línkì náà ti pọ́n bí ata tó gbó. Fàsásì ń fẹ́ ẹwìrì. Baba ti mú ẹ̀mú lọ́wọ́.

"Baba," ni Fàsásì wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ, "eérú ti wà nílẹ̀."

"Ṣé eérú ni wọ́n fi ń sin irin ní Èkó? Níbí, omi là ń fún un."

Fàsásì tún fẹ́ ẹwìrì lẹ́ẹ̀kan. Ó wo Àtọ́kẹ́ tó dúró pẹ̀lú omi lórí. Ó mọ ohun tó wà nínú korobá náà, ó mọ ibi tí òun ó jókòó sí lọ́la. Ojú wọn pàdé, lẹ́yìn náà ó gbé ojú tirẹ̀ kúrò, ó ń wo ẹwìrì.

Àtọ́kẹ́ wọlé.

"Ẹnu ọ̀nà la ní kó o dúró sí," ni Baba wí.

Àtọ́kẹ́ sọ korobá kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Baba, ẹ má bínú," ló wí. Ibi tó kúnlẹ̀ sí náà ló ti mú ọmọ owú, òòlù àgbẹ̀dẹ tó wà nílẹ̀, ó sì fi lu ọrùn ìkòkò. Ìkòkò náà sán. Ó tún un lù, ọrùn rẹ̀ ya wọnú. Nígbà náà ló dìde, ó gbé korobá rẹ̀ jáde, ó sì da omi náà sínú gọ́tà. Omi ṣàn gba abẹ́ àga Oyèdélé kọjá. Oyèdélé gbé bàtà rẹ̀ sókè.

Baba Màmúdù dúró, irin méjì ń pọ́n lẹ́nu ẹ̀mú rẹ̀, kò sì síbi tí yóò tì í bọ̀. Omi kún ẹ̀rọ, korobá sì pọ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti jẹ́ olórí àgbẹ̀dẹ ló ti ń wí pé kò sí ohun mìíràn tí irin ilé àwọn ń fi mumi yàtọ̀ sí ìkòkò yẹn. Irin kì í sì í dúró de ènìyàn. Ó ti ń ṣú lẹ́nu ẹ̀mú. Baba tẹ́ ẹ sórí eérú. Wọ́n wò ó títí ó fi dúdú, díẹ̀díẹ̀.

"Ìkòkò bàbá mi," ni Baba wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Fàsásì, ìyàwó rẹ nìyẹn."

"Ó ti ya wèrè, Baba," ni Fàsásì wí.

"Ká tó kírun Àsárì, kó ti jáde."

Orúnkún kò dun Ìyá Kúlúsúmù mọ́. Òun ló kó ẹrù Àtọ́kẹ́ síta: apẹ̀rẹ̀ aṣọ, ẹní, ìkòkò ọbẹ̀. Ó da àtẹ ẹ̀wà délẹ̀, ẹ̀wà fọ́n sójú títì. "Nǹkan tí kò bí nínú ilé ti wá ń fọ́ nínú ilé," ló ń wí.

Àtọ́kẹ́ di ẹrù rẹ̀. Láti ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí, ó rí Fàsásì tó gbé línkì kan nínú eérú, tó fi fáìlì tí wọ́n fi ń họ irin ra á. Fáìlì jẹ ẹ́, àmì pé irin náà kò le jù. Fàsásì tún un ra. Ó fi àtàǹpàkò pa ojú ibẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, kò sì gbé orí sókè. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ó ki rọ́bà bọ ojú ihò, ó fi bóòtù so ó, kò tíì dè é pa. Ó ní kí wọ́n yọ ìtì igi kúrò kí ọkọ̀ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí irin gba ibi tó yẹ kó gbà. Ìgbà tí ọkọ̀ tẹlẹ̀ tán ló tó de nọ́ọ̀tù pa. Àtọ́kẹ́ gbọ́ dídún sípánà náà títí ó fi dákẹ́. Nígbà náà ló ru ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀nà Kúdẹtì, ilé ìyá rẹ̀, lọ.

Ìyá rẹ̀ kò bá a wí lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì, nígbà tó ti Ọjà'ba dé ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó kó tó sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ti dé. Ọkọ̀ yẹn ló ṣe ìkejì. Wọ́n gbé ọkọ rẹ lé èjìká gba iwájú wa kọjá."

"Irin náà ò kán?"

"Kò kán." Ìyá rẹ̀ ń tú owó tó so mọ́ etí ìró. "Baba Màmúdù jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé obìnrin ti jáde, irin ti gbọ́ràn. Wọ́n ń ṣe àmín sí i."

Àtọ́kẹ́ ń fọ ahá, ó ń fọ̀ ọ́ lọ.

"Èmi náà ṣe àmín," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kí ni kí n ṣe láàárín wọn? Àtọ́kẹ́, ta ni yóò fẹ́ ọ báyìí?"

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ ni Fàsásì wọ àgbàlá. Eruku pupa bo gbogbo ara rẹ̀, àfi òbíríkítí méjì yí ojú rẹ̀ ká, níbi tí awò ojú ti bò. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá Àtọ́kẹ́. Ìyá náà dá a lóhùn, ó sì wọlé lọ, kí wọ́n lè sọ̀rọ̀.

"Kò kán," ni Fàsásì wí.

"Mo gbọ́."

"Ní kọ́nà kan, ọkọ̀ náà fì débi pé mo rí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Mò ń gbọ́ línkì náà nísàlẹ̀ ìdí mi, ó ń ké. Mo ti ń ka kálíímà bí ẹni tó ń kú lọ." Ó nu eruku kúrò lẹ́nu. "Kò kán."

Àtọ́kẹ́ dúró dè é. Ó fún un láyè dáadáa.

"Baba ní kó o máa bọ̀," ni Fàsásì wí. "Kó o ra ìkòkò tuntun, kó o kúnlẹ̀ lójúde, kó o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ pé nǹkan oṣù rẹ ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Wọ́n ní àwọn á gbà ọ́ padà. Ìyàwó tuntun náà á nílò ẹni tó máa mú un mọ ilé."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀yin máa sọ?"

"Èmi?" Ó yà á lẹ́nu lóòótọ́. "Kí ni kí n sọ?"

Àtọ́kẹ́ wò ó. Àmù ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kún dẹ́nu, omi rẹ̀ sì mọ́.

Fàsásì wúkọ́. "Eruku ti dí mi lọ́fun," ló wí. "Bu omi fún mi."

Ọwọ́ Àtọ́kẹ́ ti ki ahá bọ inú àmù, orúnkún rẹ̀ sì ti ń tẹ̀ láti kúnlẹ̀ kó tó mọ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó kúnlẹ̀ dé ìdajì, omi ń kán láti ìdí ahá. Lẹ́yìn náà ó nàró. Ó da omi náà padà sínú àmù, ó sì gbé ọmọrí dé e.

"Ẹ máa lọ," ló wí. "Ẹ ó tutù fúnra yín."

Fàsásì wo ọmọrí àmù náà. Ó dúró díẹ̀, bóyá ó rò pé yóò tún ṣí i. Nígbà tó rí i pé ó ti padà sídìí ahá tó ń fọ̀, ó yíjú, ó fi eruku lọ́fun gba ọ̀nà Bẹyẹrúnkà padà sí àgbẹ̀dẹ.